Àyẹ̀wò iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì l'Abẹ́òkúta: òórùn dídùn kọ́ ni ìmọ́tótó

Ọ̀nà mẹ́ta ni onílé ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì (ilé tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀) l'Abẹ́òkúta lè gbà ra iṣẹ́ ìtọ́jú láàárín ìgbà tí àlejò kan bá jáde àti ìgbà tí òmíràn bá wọlé. Àwọn kan ń pe ẹni tó ń gba owó ojúmọ́, tó ń gbé ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bọ̀. Àwọn kan ń lo ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ́fíìsì àti báǹkì, tó wá fi ilé gbígbé kún un. Àwọn díẹ̀ rí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì rí, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń sanwó fún un ní iye ìgbà tó bá tún ilé ṣe. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé yẹ̀wò níbí, fún ilé oníyàrá kan dé mẹ́ta, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbarà, Òkè-Mosàn, Àsẹ̀rò àti Ìdí-Àbà. A ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí àlejò ń tìtorí ẹ̀ bínú, ọ̀dọ̀ onílé ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó mú mọ́ọ̀pù dání tó wọlé rárá.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló mọ bẹ́ẹ̀dì àti bàlùwẹ̀ jù. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì á le tantan, igun rẹ̀ á wọ abẹ́ fóòmù dáadáa, kò sì ní fi ẹyọ irun kan sílẹ̀ lẹ́nu ihò omi. Àmọ́ ẹ lọ wo kíṣìnì nígbà tó bá ní òun ti ṣe tán. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì kì í ní kíṣìnì, nítorí náà kò sẹ́ni tó kọ́ ọ láti yọ orí gáàsì fọ̀, láti dojú ìkòkò dé kó wo ìdí rẹ̀, tàbí láti gbọ́n èérún inú tósítà dànù. Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ́fíìsì mọ fífọ ilẹ̀ dójú àmì. Táìsì á máa dán, gíláàsì á mọ́ kedere. Bẹ́ẹ̀dì ni wọn kò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń sùn ní báǹkì. Olówó ojúmọ́ ní tirẹ̀ mọ kíṣìnì ju àwọn méjèèjì lọ, torí òun náà ń dáná nílé. Epo pupa tó ta sára ògiri kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó ni àkísà. Èyí tó fi nu ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó lè ṣàn án lómi lẹ́ẹ̀kan kó fi nu tábìlì oúnjẹ.

Bí owó yín bá gbé e, ẹ mú ẹni òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi ẹnìkan tó mọ kíṣìnì tì í. Ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ lọ́nàkọnà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ká kọ́kọ́ bá onílé sọ. Ọ̀pọ̀ ilé l'Abẹ́òkúta ló ní kí àlejò jáde ní aago méjìlá ọ̀sán, kí òmíràn wọlé ní aago méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ilé oníyàrá méjì tó ní bàlùwẹ̀ méjì. Ṣíṣí fèrèsé, kíká aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti kíkó pàǹtí gba ìṣẹ́jú 15. Kíṣìnì gba 50. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba 30, bàlùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba 30. Pálọ̀ gba 30, ilẹ̀ gbogbo ilé gba 30, àyẹ̀wò ìkẹyìn gba 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 260. Bí ẹni méjì bá pín in láìdúró, wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Aṣọ fífọ̀ ò sí níbẹ̀, iná tó lọ nígbà tí omi kò tíì kún táǹkì ò sí níbẹ̀, àlejò tó ní òun ṣì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ náà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fún wọn ní wákàtí méjì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fò nínú iṣẹ́, ohun tí ojú kì í tètè rí ni wọ́n sì máa fò: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí fáànù, inú fíríìjì. Aago mọ́kànlá jíjáde, aago mẹ́ta wíwọlé, ìyẹn ló bójú mu. Bó bá jẹ́ àwọn ará ìgbéyàwó ló dé sílé náà, ẹ ka iṣẹ́ yẹn sí ìlọ́po méjì.

Ohun kejì ni iye aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìdì mẹ́ta ló yẹ kí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan ní lọ́ńdìrì, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Onílé tó ra méjì péré á fọ èyí tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, á sì fẹ́ tẹ́ ẹ padà lọ́sàn-án. Bí òjò bá rọ̀, aṣọ á tutù, á sì máa rùn bí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Ewu mìíràn wà níbẹ̀ tí kò kan òórùn. Eṣinṣin kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí a sá sábẹ́ ìbòòji tàbí tí a tẹ́ sórí koríko. Ẹyin náà á pa, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ ara ẹni tó bá sùn lé e, á sì wú bí eéwo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìnura tó bá gbẹ níta ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ lórí etí aṣọ tó nípọn, torí ibẹ̀ ló máa ń tutù pẹ́ jù. Lọ́ńdìrì tó bá ní ẹ̀rọ agbẹṣọ oníná ti gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí a bi àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí, ìbéèrè nípa áyọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ wọn kò ní èsì fún.

Àbàwọ́n ara aṣọ funfun l'Abẹ́òkúta ní irú tirẹ̀. Àlejò tó bá ra àdìrẹ tuntun ní Ìtokú, tó ró o sùn mọ́jú, á fi aró sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní òun nìkan, kó má baà ran aṣọ mìíràn. Aró ẹ̀lú gidi máa ń ṣí bí ẹ bá rẹ aṣọ òwú funfun sínú omi bílíìṣì fẹ́ẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú aró oníkẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe kàm̀pálà kì í gbọ́ ti bílíìṣì, a kàn ní láti sọ aṣọ náà di àkísà ìnulẹ̀ ni. Ti epo ọbẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi ṣíbí ha èyí tó wà lókè kúrò, ẹ da ọṣẹ ìfọ-abọ́ sí i láìbu omi là á, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó bá kù, oòrùn ló ń bá a wí: ẹ sá a síta gbangba nínú oòrùn líle, á ṣá dànù fúnra rẹ̀. Ẹ má fi sínú ẹ̀rọ agbẹṣọ kó tó lọ, torí ooru á dì í mọ́ ara aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ kò fẹ́ omi gbígbóná rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Omi tútù la fi ń bẹ̀rẹ̀. Làálì ìyàwó tó ti gbẹ sára aṣọ kì í sábà ṣí mọ́, nítorí náà ilé tó bá gba ará ìgbéyàwó ní láti tẹ́ aṣọ aláwọ̀ dúdú fún wọn. Aṣọ ìnura dúdú kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí fún nínu àtíkè àti páńkéèkì á sì dá ẹ̀mí àwọn funfun sí. Aṣọ ìnura aláwọ̀ tó bá ní ojú àmì tó ṣá pọ́ńtọ́, ẹ má dá klínà lẹ́bi. Ìpara egbò ojú tó ní benzoyl peroxide nínú máa ń bó àwọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hypo, ìyẹn bílíìṣì inú ìgò, wá kàn. Klínà tí kò mọṣẹ́ ló ń jẹ́ kí ilé rùn gbọ̀ọ̀ nígbà tí àlejò bá ṣílẹ̀kùn. Bílíìṣì kì í fọ nǹkan, kòkòrò tí ojú kò rí ló ń pa, kò sì lè rí wọn pa bí ọ̀rá àti ìdọ̀tí bá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọṣẹ ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ẹ ṣàn án, kí bílíìṣì tó tẹ̀lé e. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka ara ìgò kẹ́ ẹ rí i. Fún tábìlì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, súwíìṣì àti ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìwọ̀n mílílítà 30, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ méjì, nínú omi tútù lítà kan ti tó. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ lójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún kúrò. Ẹni tó bá fọ́n ọn tó sì nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti fi owó ṣòfò. Omi gbígbóná máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Èyí tí a ti pò kì í dúró ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà ìgò ìfọ́nmi tí klínà ń gbé kiri láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da Hypo sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí Harpic, oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣì wà nínú rẹ̀. Ásíìdì ló wà nínú Harpic aláwọ̀ búlúù tí gbogbo wa mọ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, èéfín kílórínì ló ń jáde, ó sì ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà. Bàlùwẹ̀ ilé wa kéré, fèrèsé rẹ̀ tóóró. Ọ̀kan ni kí wọ́n lò, kí wọ́n ṣí omi fọ̀ ọ́ dànù dáadáa, kí wọ́n tó ronú kan èkejì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa ń po méjèèjì kó lè le sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ pe ẹlòmíràn.

Àbàwọ́n pupa bí irin tó dógùn-ún lára ìkòkò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi àti nílẹ̀ bàlùwẹ̀, omi bóòhóòlù ló ń fà á. Abẹ́ àpáta ni ọ̀pọ̀ bóòhóòlù ìlú yìí ti ń fa omi, irin tó yọ́ sí i sì máa ń pọ̀ ní àwọn ibì kan. Omi á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde. Bí atẹ́gùn bá kàn án tán, á pọ́n. Ohun tí púpọ̀ klínà máa ń ṣe ni pé wọ́n á da Hypo lé e, á sì tún pọ́n sí i, torí bílíìṣì ń mú kí irin náà dógùn-ún gan-an ni. Ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣí i: omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ìyẹ̀fun ásíìdì sítíríìkì ṣíbí ọbẹ̀ méjì nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lítà kan. Ẹ fi pépà ìnudìí tẹ́ ẹ mọ́ ibi tó pọ́n kó má ṣàn lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ o. Terrazzo tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, àti mábù, ásíìdì ń jẹ ẹ́. Dídán rẹ̀ á lọ, kò sì ní padà àfi bí wọ́n bá tún fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Ọṣẹ tí kò ní ásíìdì nìkan ni kí wọ́n fi fọ ìyẹn. Onílé tó fẹ́ kí àbàwọ́n yìí dínkù gbọ́dọ̀ wo inú táǹkì: ẹrẹ̀ pupa tó jókòó sísàlẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán.

Ní ti ètò iṣẹ́, òkè la ti ń bọ̀ wá sílẹ̀. Fáànù ló ṣáájú, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí klínà bá fọ ilẹ̀ tán kó tó rántí fáànù, eruku gbogbo á já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Ẹ ki apá fáànù bọ inú àpò ìrọ̀rí àtijọ́, kí ẹ fà á jáde, eruku á wà nínú àpò. Ní bàlùwẹ̀, irun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ní gbígbẹ kí omi tó kan ilẹ̀. Irun tó bá ti tutù á lẹ̀ mọ́ táìsì, àkísà á kàn máa gbé e kiri ni. Fọ́nrán àtáṣímẹ́ǹtì ló burú jù, torí á ká mọ́ra nínú ihò omi títí omi ò fi ní lọ mọ́. Kí wọ́n ṣí ìdérí ihò náà lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ yọ ọ́. Àkísà pupa fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọ̀ ewé fún kíṣìnì, búlúù fún ìyókù, kí wọ́n sì fọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n àti ti ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọwọ́ gbogbo ayé ti kàn, ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Kànìnkànìn ìfọ-abọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún àlejò kọ̀ọ̀kan. Kò tó owó tí ẹnikẹ́ni ń jà lé lórí.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ ìtọ́jú l'Abẹ́òkúta kì í fi sínú owó rẹ̀, ìyẹn ni ilé tó ṣófo. Àlejò máa ń pọ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì dé Ọjọ́ Àìkú nítorí òde, ó sì máa ń kún fọ́fọ́ nígbà ọdún Lísàbí tàbí nígbà tí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú náà, bá ń ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Lẹ́yìn náà ilé lè wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ ihò omi ní omi díẹ̀ nínú tó ń dí òórùn sókàwéè lọ́nà. Bí omi yẹn bá gbẹ, òórùn á gòkè wá, aáyán náà á bá a gòkè. Àlejò tó bá wọlé á ní ilé náà dọ̀tí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ lánàá. Ife omi méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Fíríìjì tí wọ́n pa gbọ́dọ̀ gbẹ nínú, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá tì í pa, èébu á hù níbẹ̀. Àsẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n yọ ọ́ fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó gbẹ kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ kọ èyí sínú àdéhùn, kí ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Klínà tí ẹ̀ ń sanwó fún ní iye àlejò kò ní ìdí kankan láti wá sílé tí àlejò kò sí.

Ọ̀rọ̀ ìdun náà wà níbẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá wà nílẹ̀, tí fóòmù wà ní ìhòòhò, ìgbà yẹn nìkan ló rọrùn láti wá a: ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán etí fóòmù, ẹ̀yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì àti ojú ihò ìṣó. Àmì dúdú kéékèèké bí ojú bírò, awọ tó bọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́n sára aṣọ ni wọ́n á rí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, síbẹ̀ a kò rí olówó ojúmọ́ kankan tó ń ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Bí wọ́n bá rí i, ẹ ti yàrá náà pa, kí aṣọ inú rẹ̀ lọ sínú omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ agbẹṣọ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì pe ẹni tó ń pa ìdun níṣẹ́. Sniper, oògùn apakòkòrò, kọ́ ni kí wọ́n fọ́n sórí fóòmù tí ènìyàn máa sùn lé. Fóòmù tó wọ ìbora onísípù tí omi kì í wọ̀ kì í fún ìdun ní ojú rírán tó lè sá sí, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ ìtọ̀ ọmọdé.

Kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó tún ilé náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ wòkè, torí ohun tí àlejò máa kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ẹ fi pépà funfun nu orí apá fáànù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì gíláàsì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ kíṣìnì: bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọṣẹ ló pọ̀ jù nínú omi mọ́ọ̀pù, ilẹ̀ yẹn á sì tún fa eruku mọ́ra kó tó di alẹ́. Ẹ gbóòórùn ìrọ̀rí fúnra rẹ̀ lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wúlò bó bá jẹ́ ti inú nǹkan: inú fíríìjì, inú máíkíróweèfù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ihò omi tó ṣí sílẹ̀. Àwòrán pálọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kò fi nǹkan kan hàn.

Ní ti owó, ẹ má ka iye wákàtí. Ẹ dá iye kan sílẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ dá òmíràn lé e fún ìgbà tí òde bá wáyé níbẹ̀, kí lọ́ńdìrì ní owó tirẹ̀. Ọṣẹ, bílíìṣì, ìbọ̀wọ́ àti àkísà, onílé ni kó máa rà á sílé. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ti ara rẹ̀ wá máa ń tú u sínú ìgò tí kò ní orúkọ lára, ẹ ò sì ní mọ ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ yín títí terrazzo á fi ṣá.